Ilẹ̀ Tí Kò Sí Nínú Gáráńtì

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá àbùkù. Ike ni wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ tí mo wà ní Sango: kẹ́ẹ̀gì, bọ́kẹ́ẹ̀tì, àti ike ńlá tí wọ́n ń gbé sórí òpó fún omi. Ìdí tábìlì gígùn kan ni mo máa ń dúró sí láti àárọ̀. Mo máa gbé kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan sókè sí iná, mo máa rọ omi sí i, mo máa dorí rẹ̀ kodò, mo máa fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀. Èyí tó bá jò, ẹ̀yìn ló ń lọ, mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún un. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní ọkọ, pé bí ọkùnrin bá kọnu ìfẹ́ sí mi, màá kọ́kọ́ rọ omi sí i wò. Wọ́n lè máa rẹ́rìn-ín lọ. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé ọ̀dẹ̀ kan tí kò mọ nǹkan ló lọ ra ilé.

Bàbá mi náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Láti ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wá sí Sango nígbà ọ̀dọ́ wọn, wọ́n sì ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin títí irun orí wọn fi funfun. Àwọn ló ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀. Ẹ̀rọ á máa ké, àwọn ọ̀gá á máa pariwo, bàbá mi á gbé etí lé ara irin náà, wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ẹ̀rọ ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni. Ariwo ibẹ̀ ti di etí wọn kan. Èyí tó kù ni wọ́n fi ń gbọ́ gbogbo nǹkan, àtèyí tó yẹ kí wọ́n gbọ́ àtèyí tí kò yẹ.

Yàrá kan àti pálọ̀ la gbé ní Joju, ní Sango níbẹ̀ náà. Ẹni tó kọ́ ilé náà ti kú, ọmọ rẹ̀ ló jogún rẹ̀, ọmọ ọ̀hún kò sì fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, pákò lẹ́nu, á ní, "Bàbá, ṣé ẹ ṣì máa wà pẹ̀lú wa lọ́dún tó ń bọ̀?" Bàbá mi, tí wọ́n tó bí i, á dìde lórí àga. Wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. A ṣì wà, sà." Mo kórìíra "sà" yẹn. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí àgbàlagbà ń sọ ọ́ fún ọmọdé, mo máa ń kúrò níbẹ̀.

Inú yàrá yẹn ni ìyá mi kú sí. Bàbá mi bẹ onílé pé kó jẹ́ káwọn sin ín sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyá mi máa ń gbin ẹ̀fọ́ sí. Onílé ní ilé háyà kì í ṣe ibi ìsìnkú, pé bí ayálégbé kọ̀ọ̀kan bá ń sin òkú tirẹ̀ síbẹ̀, ibo ni àwọn fẹ́ sin tàwọn sí? Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. A gbé ìyá mi lọ sí ìlú àwọn èèyàn wọn, ọ̀nà jíjìn, ibi tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Bàbá mi ò sunkún lójú wa. Ohun tí wọ́n sọ nígbà tá a padà dé ni pé, "Èmi ò ní háyà ilẹ̀ kú. Ibi tí wọ́n bá tẹ́ mi sí, ti ọmọ mi ni yóò jẹ́." Ilé bàbá tiwọn lọ́hùn-ún ti wó, àwọn àbúrò wọn sì ti ta ilẹ̀ rẹ̀. Èmi nìkan sì ni ọmọ tí wọ́n bí. Nítorí náà, kò sí ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí.

Bí mo ṣe rí owó ilé kò kan ẹnikẹ́ni. Mo rí i. Éjéǹtì kan mú wa lọ sí Itele, níbi tí ọkùnrin kan tó ń kọ́ ilé tà ti to ilé tuntun sí òpópónà kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn kun ọ̀dà kan náà, tí gbogbo wọn ní géètì dúdú. Àsìkò ọyẹ́ ni. Ilẹ̀ gbẹ, ó le gbandi, eruku pupa bo ewé, ètè gbogbo wa ń bó. Kò sẹ́ni tó ń rántí òjò nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, tí wọ́n ń ta aṣọ lọ́jà Ọ̀tà, bá wa lọ. Wọ́n ní ọmọ kan ṣoṣo kì í lọ ra ilé láìsí àgbà obìnrin tó máa fi àdúrà tẹ ilẹ̀ níwájú rẹ̀.

Bàbá mi kò kọ́kọ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n wọ yàrá kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń fi egungun ìka kan ògiri, wọ́n ń gbé etí wọn tó yè lé e. "Èyí kún." Wọ́n á sún síwájú. "Èyí náà kún." Nílé ìdáná, wọ́n kàn án, wọ́n tún un kàn, wọ́n ní ibì kan ń dún bí igbá. Ọkùnrin tó ni ilé ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Bàbá mi ní kó fọ́ ọ. Nígbà tí bíríkìlà fọ́ ọ, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ya bọ́ bí èèpo ẹyin, wọ́n sì tún un rẹ́ lójú wa.

Èmi náà ṣe tèmi. Mo ní kí wọ́n gbé omi wá.

"Àǹtí, omi kẹ̀?" ni ọkùnrin náà bi mí; Àǹtí lòun náà ń pè mí. "Nínú ọyẹ́?"

Mo ní nínú ọyẹ́ ọ̀hún ni. Mo pe ọkọ̀ olómi fúnra mi. Àwọn òṣìṣẹ́ gun òkè, wọ́n ń da omi sórí páànù, èmi wà nínú ilé, mo ń wo àjà bí ẹni tó ń wá oṣù àwẹ̀. Ó jò níbì kan, lókè balùwẹ̀. Mo pariwo, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wá dí i. Mo tan gbogbo ẹ̀rọ omi, mo ṣí gbogbo fèrèsé, mo tì wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ básíà. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Omi tó lè wá láti òkè, kò sí èyí tí mi ò bá a yanjú. Bí mo bá rántí bí mo ṣe ń yan fanda nínú pálọ̀ náà, inú á bí mi sí ara mi.

Ó wá ku gáráńtì. Bàbá mi ló tẹnu mọ́ ọn. Wọ́n ní nílé iṣẹ́ àwọn, ẹ̀rọ tí kò bá ní gáráńtì, ẹni tó tà á ti mọ ohun tó máa ṣe é. Ọkùnrin náà fajú ro. Ọmọ ìlú kan tí kò jìnnà sí ti bàbá mi lòun náà, Mùsùlùmí bíi tiwa, ó sì ti bá wa ṣàdúrà lẹ́nu géètì, ó tún ti bá wa ṣe òmíràn nínú pálọ̀. Láàárín àwa tá a ń gbé níhìn-ín, kí o béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ti bá ọ ṣe àmín, bí ẹni pè é lólè ló rí.

"Dádì, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

"Mo fọkàn tán ẹ," ni bàbá mi wí. "Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́. Ọdún kan gbáko ni, lórí òrùlé, ògiri, ilẹ̀kùn, fèrèsé, omi àti iná. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nínú wọn, òun ló máa tún un ṣe. Inú mi dùn. Mo wo Àǹtí, mo ṣẹ́jú sí wọn, bí ẹni pé a ti borí.

Lẹ́yìn náà ni bàbá mi jáde lọ sẹ́yìn ilé. Àyè kan wà níbẹ̀ láàárín ilé àti fẹ́ǹsì, kò tóbi, àmọ́ ó tẹ́jú. Wọ́n dúró, wọ́n kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n rìn lọ rìn bọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ibí yìí." Kò sẹ́ni tó béèrè pé ibí yìí kí ni. Wọ́n wá yíjú sí àwọn bíríkìlà, wọ́n ní, "Ẹ yá mi ní dígà. Mo fẹ́ wo irú ilẹ̀ tó wà níbí."

Bíríkìlà kan tiẹ̀ nà án sí wọn. Ibẹ̀ ni Àǹtí ti ké. Wọ́n sáré já dígà náà gbà mọ́ ẹ̀gbọ́n wọn lọ́wọ́, gèlè wọn ń tú.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ilé tuntun! Ilé tẹ́nikẹ́ni ò tíì sùn nínú ẹ̀, ẹ fẹ́ gbẹ́ ihò tó gùn tó yín síbẹ̀? Ẹ fẹ́ kó máa wá ẹni tó máa dí i?"

"Ilẹ̀ ni mo fẹ́ wò."

"Ẹ ò ní wò ó! Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láṣẹ Ọlọ́run, ẹ máa lò ó pẹ́, ẹ máa fi erùpẹ̀ ibẹ̀ gbin ọsàn."

Ọkùnrin tó ni ilé náà ti ń gbọn orí. "Éèwọ̀, Dádì. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa pẹ́ nínú ẹ̀." Àwọn bíríkìlà ń ṣe àmín, àmín, wọ́n ń fẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ náà gbóná. Bíríkìlà tó na dígà ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ Àǹtí.

Bàbá mi wo gbogbo wa lójú. "Ilé lẹ jẹ́ kí n wò," ni wọ́n wí. "Ilẹ̀ ńkọ́?"

"Ilẹ̀ wà lábẹ́ ilé, Dádì," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Kò lọ síbì kankan."

A rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, torí wọn kì í fẹ́ kí àwàdà ẹni ẹlẹ́ni ṣòfò. Wọ́n ní ó dáa, bí ọjọ́ bá pé, ẹ ó gbẹ́ ẹ fún mi. Àǹtí tún ké. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tán nìyẹn. A ti kan gbogbo ògiri, a ti rọ omi sórí gbogbo páànù. Kò sẹ́ni tó fi dígà kan ilẹ̀.

A kó wọlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní parọ́, ó dùn. Bàbá mi ra àga onígi kan, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé, síbi tí wọ́n tọ́ka sí gan-an, wọ́n á jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kan géètì, wọ́n á jókòó síbi tí wọ́n wà, wọ́n á fi ohùn ńlá béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Mo máa ń wà nínú ilé ìdáná, mo máa ń gbọ́ ọ, ara mi á yá gágá. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Ẹnì kan tó ń ta omi wá béèrè bóyá "láńdọ́ọ̀dù" wà nílé. Bàbá mi ní, "Èmi rèé," wọ́n sì ra omi tí a ò nílò.

Òjò wá dé. Adágún omi kọ́kọ́ yọ lẹ́nu géètì, àwọn ará òpópónà wa to búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ tí gbogbo wa ń tẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké lábẹ́ fèrèsé. Mo ní kò burú, Itele ni, ta ni òjò kì í dà láàmú? Ògiri ẹ̀yìn wá là díẹ̀, láti ìdí fèrèsé lọ sílẹ̀. Mo pe ọkùnrin tó tà á fún wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa rẹ̀: ó wá. Ó mú bíríkìlà àti ọlọ́dà wá, wọ́n dí ojú ibẹ̀, wọ́n kùn ún, ó kí bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá mi gbé etí lé ògiri náà nígbà tó lọ tán. Mo béèrè pé kí ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ní etí àwọn ti ń darúgbó.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni bàbá mi kú, láàárín òjò ọdún yẹn kan náà. Wọ́n ti kírun tán, wọ́n ṣì jókòó sórí ẹní. Mo gbé ògì dé, mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Mo rò pé apá etí tó di ni mo dúró sí. Mo yí lọ sápá kejì, mo tún pè wọ́n. Mi ò lè kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ yẹn.

Àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú ṣeré, ọjọ́ náà la fẹ́ sin wọ́n. Àǹtí dé pẹ̀lú ẹkún. Àáfà mọ́ṣáláṣí wa dé, àwọn tó ń gbẹ́ sàréè tẹ̀ lé e. Bí àwọn kan ṣe ń wẹ bàbá mi nínú ilé, tí wọ́n ń fi aṣọ funfun dì wọ́n, èmi ni mo mú àwọn tó kù lọ sẹ́yìn ilé. Mo gbé àga bàbá mi kúrò. Mo ní, "Ibí yìí." Nínú gbogbo ìbànújẹ́ ọjọ́ yẹn, nǹkan kan wà tó ń tù mí nínú: mo ní, ó kéré tán, èyí tí wọ́n bẹ̀ mí, mo ṣe é.

Yẹ̀pẹ̀ pupa tó wà lókè kò nípọn. Kò tíì dé orúnkún tí ṣọ́bìrì fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan jáde: ọ̀rá omi tútù, àjákù táyà, bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan, èéfọ́ ìgò, pàǹtírí igi tó ti jẹrà. Òórùn kan ń jáde. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ wo ara wọn, wọ́n ń gbẹ́ ẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni omi dé. Kò ya wọlé, ó kàn ń wú láti ìsàlẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ó dúdú, ó ń yí ẹsẹ̀ wọn ká. Wọ́n fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n ọn. Ilé iṣẹ́ wa ló ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, kò jò. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́n ọn ló ń padà.

Wọ́n sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Omi. Wọ́n lọ síwájú ilé, lẹ́bàá géètì. Omi, kò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n jìnnà. Ẹ̀gbẹ́ tó kù ni ihò ìdọ̀tí balùwẹ̀ wà, kò sẹ́ni tó dá a lábàá.

Àáfà bọ́ bàtà, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò àkọ́kọ́, omi mù ún dé agbedeméjì ojúgun. Ó gòkè, ó ń gbọn ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí pósí, aṣọ funfun yẹn nìkan ló wà láàárín òkú àti ilẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ibí ni wàá tẹ́ bàbá ẹ sí?"

Ìyá àgbà kan tó ń gbé nílé kejì ti wọlé wá kí wa, wọ́n dúró lẹ́yìn mi, ọwọ́ lórí. Wọ́n ní, "Wọn kì í rí òkú sin ní òpópónà yìí. Ọ̀tà la gbé bàbá àwọn ọmọ mi lọ."

Mo yíjú padà. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa, Mà?"

"Níbo ni kí n ti sọ ọ́? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ẹrù wọlé, kí n wá dúró lẹ́nu géètì, kí n ní ẹ káàbọ̀ o, kò síbi tẹ́ ẹ máa sin òkú yín sí? Mo bá yín ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn. Ohun tí wọ́n ṣe fún èmi náà nìyẹn."

Mo fẹ́ bínú sí wọn, mi ò rí ibi tí màá ti mú un. Àǹtí jókòó sórí ilẹ̀ tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, wọ́n ń lu itan, wọ́n ń sọ pé, "Mo gba dígà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo gba dígà lọ́wọ́ wọn." Mo gbọ́ ọ, mi ò pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọkàn mi ti le lásìkò yẹn. Mo pe ọkùnrin tó ta ilé fún wa.

Ó tún wá. Ó wọlé, ó rí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó bọ́ fìlà. Omi wà lójú rẹ̀ lóòótọ́, mi ò lè sọ pé kò sí. Ó ṣàdúrà fún òkú, ó gùn. Nígbà tó ṣe àmín tán, mo bi í léèrè ohun tí wọ́n fi dí ilẹ̀ kó tó kọ́ ilé sí i.

"Àǹtí, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń dílẹ̀. Àbàtà ni tẹ́lẹ̀, típà ló ń kó nǹkan wá, a ò lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ tán. Ilé yẹn ò ní wó. Mo tẹ ìpìlẹ̀ ẹ̀ dáadáa."

"Mi ò béèrè ilé. Níbo ni kí n sin bàbá mi sí?"

Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún aláìsàn: "Ilẹ̀ ò sí nínú gáráńtì, Àǹtí. Ilé ni a kọ síbẹ̀." Ó ní òun lè fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì kọ́ sàréè sókè ilẹ̀, láìgba nǹkan kan, àmọ́ sìmẹ́ńtì nílò àkókò kó tó gbẹ. Òjò sì tún ti ń ṣú. Mo bú u. Gbogbo èébú tí mo mọ̀ ní Yorùbá àti tàwọn awakọ̀ Sango, mo kó o fún un lójú àáfà. Ó dọ̀bálẹ̀. Kò wúlò rárá. Kò sí èébú tó ń gbọ́n omi.

Ọ̀tà la gbé bàbá mi lọ, síbi ìsìnkú tí wọ́n ń gbé òkú ẹni tí kò nílẹ̀ lọ. A gbé wọn gba orí búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́nu géètì kọjá, bí gbogbo wa ṣe máa ń kọjá. Àárín àwọn tí a ò mọ̀ ni wọ́n wà níbẹ̀, ẹnì kan lọ́tùn-ún, ẹnì kan lósì, àyè ò sí láàárín wọn, bí yàrá ilé tá a gbé ní Joju. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé erùpẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí a sin wọ́n tán, ó ní kí n máa wá lóòrèkóòrè. Ó ní èyí tí koríko bá bò, tí wọn ò bá rí èèyàn rẹ̀ mọ́, wọ́n máa ń gbẹ́ ibẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Kí ọdún gáráńtì tó pé, ògiri ẹ̀yìn tún là. Ọkùnrin náà tún un ṣe. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wú, kò pa dé mọ́, ó pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀ ló ṣe, kò yẹ̀ nínú ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dí ihò méjì, wọ́n wá fẹ́ dí èyí tó wà lẹ́yìn ilé. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ilé kan ṣì wà tí kò tíì tà ní òpópónà wa, bí wọ́n bá sì mú èèyàn wá wò ó nínú ọyẹ́, màá ṣí géètì mi sílẹ̀ gbayawu. Àwọn kan máa ń wọlé wá wo ihò náà, wọ́n á rí i pé ó gbẹ, mo máa sọ fún wọn ohun tó wà níbẹ̀ nígbà òjò. Àwọn mìíràn á ṣe "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," wọ́n á sì yára jáde, torí mo ti dárúkọ òkú.

Ọyẹ́ tó kọjá yìí, mo lọ sí Ọ̀tà lọ tún ojú sàréè bàbá mi ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo ń fi ọwọ́ tu koríko, mo ń sọ fún wọn nípa ògiri ẹ̀yìn ilé, apá etí tó yè ni mo sì kúnlẹ̀ sí. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wá dúró lẹ́yìn mi. Kò dàgbà tó mi. Ó ń wo àwọn ojú sàréè tó yí wa ká, pé èwo ló ṣì ní èèyàn, kò sì gbèrò ibi kankan sí mi.

"Àǹtí," ló wí, "ṣé Bàbá ṣì máa wà pẹ̀lú wa lọ́dún tó ń bọ̀?"

Mo dìde dúró, mo gbọn erùpẹ̀ orúnkún mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí. "Wọ́n ṣì wà, sà."